Ọ̀rọ̀ Ìdílé: Ipò Tí Tíṣà Tí Ó Kú Fi Sílẹ̀

Bí olùkọ́ ilé-ìwé ìjọba bá kú lẹ́nu iṣẹ́, ǹjẹ́ ó tọ́ kí a fi ọmọ rẹ̀ tàbí aya rẹ̀ sí ipò tí ó fi sílẹ̀? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti òní, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan. Ní ilẹ̀ Índíà ó ti di ẹjọ́ lọ́pọ̀lọpọ̀, láti kóòtù kékeré títí dé èyí tí ó ga jùlọ. Ní Pákísítánì, ọdún 2024 ni àwọn adájọ́ fi òpin sí i. Ṣùgbọ́n lẹ́tà kan tí ó ti Badore wá, lápá Ajah, ni ó mú kí a gbé e yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí.

Obìnrin tí ó kọ ọ́, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kì yóò hàn níhìn-ín, wí pé ọdún mẹ́tàlélógún ni ọkọ òun fi ṣe tíṣà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba kí ikú tó mú un lọ ní oṣù méje sẹ́yìn. Ilé àyágbé ni wọ́n ń gbé, ọjọ́ owó ilé sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ iye tí à ń gba yàrá méjì lẹ́bàá ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́ nísinsìnyí yóò mọ̀ pé ọ̀ràn náà kì í ṣe ọ̀ràn ẹ̀rín. Ọ̀kan nínú àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ wá sọ fún un pé ìjọba a máa fi ọmọ rọ́pò bàbá, kí wọ́n tètè mú ọmọ kan wá. Níbẹ̀ ni ìjà ti bẹ́ sílẹ̀. Olóògbé ní ọmọkùnrin kan láti ọ̀dọ̀ aya rẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó ti kú, ọmọ náà kò sì tíì parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Obìnrin tí ó kọ̀wé yìí ní ọmọbìnrin kan tí ó ti gba ìwé ẹ̀rí NCE, tí ó sì ti wà nílé ọkọ. Àwọn ẹbí ní ọkùnrin ni àrólé. Ìyá ọmọbìnrin ní ẹni tí ó ní ìwé ẹ̀rí ni kí a mú. Bí wọ́n ti ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ọkùnrin kan tí ó ní òun mọ ọ̀nà ní ọ́fíìsì ti gba owó lọ́wọ́ apá méjèèjì láti fi gbé fáìlì. Fáìlì náà kò gbéra títí di òní.

Kí n tó dá ìyá yìí lóhùn, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀dọ̀ àwọn ará Índíà, nítorí wọ́n ti rin ọ̀nà yìí jìnnà jù wá lọ, wọ́n sì ti fi ẹsẹ̀ kọ ní ibi púpọ̀.

Lọ́dọ̀ wọn, ohun tí à ń sọ yìí wà nínú ìwé ìlànà ìjọba. Ní ìpínlẹ̀ Uttar Pradesh, láti ọdún 1974 ni ìlànà ti wà fún ìdílé òṣìṣẹ́ tí ó bá kú lẹ́nu iṣẹ́. Èrò tí ó wà nídìí rẹ̀ dára. Ilé tí ó jẹ́ pé owó oṣù ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n ń jẹ, bí ẹni náà bá ṣubú lójijì, wọn kò lè dúró de ìgbà tí ìjọba yóò kéde iṣẹ́, tí yóò ṣe ìdánwò, tí yóò sì pe àwọn ènìyàn fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Kí a mú ẹnìkan wọlé nínú wọn kíákíá, kí ebi má baà lé wọn sí ìgboro. Opó kan wà tí ń jẹ́ Sushma Gosain, ọkọ rẹ̀ ń tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí ní ẹ̀ka ìjọba tí ń la ọ̀nà ẹnu ibodè, ó sì kú ní 1982. Obìnrin yìí béèrè iṣẹ́ akọ̀wé, wọ́n dán an wò, ó yege. Síbẹ̀ wọ́n fi í sílẹ̀ títí di 1985, nígbà tí wọ́n ní a kò gba obìnrin sí ẹ̀ka náà mọ́. Ó di 1989 kí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ tó pàṣẹ pé kí a fún un ní iṣẹ́. Àwọn adájọ́ bínú sí ìdádúró náà ju ohun gbogbo lọ: wọ́n ní àánú tí kò tètè dé kì í ṣe àánú fún ẹni tí ebi ń pa.

Bí ìròyìn irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ ti ń tàn kálẹ̀, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ka ipò òṣìṣẹ́ tí ó kú sí ohun ìní rẹ̀, bí ẹni pé ilé tàbí oko ni. Ìdí nìyí tí ilé-ẹjọ́ kan náà fi ní láti fa ìjánu. Nínú ẹjọ́ Umesh Kumar Nagpal ní 1994, wọ́n sọ ọ́ kedere pé ikú òṣìṣẹ́ nìkan kò sọ ọmọ rẹ̀ di ẹni tí ìjọba gbọ́dọ̀ gbà síṣẹ́. Kí a kọ́kọ́ yẹ ipò ìdílé náà wò bóyá ìṣẹ́ ń ṣẹ́ wọn ní tòótọ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ìpele ìsàlẹ̀ ni kí a fún wọn, irú iṣẹ́ akọ̀wé kékeré tàbí ti ìránṣẹ́ ọ́fíìsì, kì í ṣe ipò ńlá. Wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ kan kún un tí ó wọ̀ mí lára gidigidi, pé lẹ́yìn ìdílé ẹni tí ó kú, àwọn ìdílé mìíràn wà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún tí ìṣẹ́ wọn tó bẹ́ẹ̀ tàbí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì ṣiṣẹ́ ìjọba rí.

Ẹjọ́ ti ilé-ìwé gan-an dé ní 1998, láti Uttar Pradesh kan náà, láàrin ọ̀gá àgbà ẹ̀kọ́ àti àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ ilé-ìwé tí ìjọba ń ràn lọ́wọ́. Àwọn ọmọ náà fẹ́ ipò akọ̀wé, kóòtù ìpínlẹ̀ sì ti gbè sẹ́yìn wọn, ó ní bí kò bá sí àyè kí a dá àyè sílẹ̀. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ kò gbà. Wọ́n ní ìlànà àánú jẹ́ ìyàtọ̀ sí òfin ńlá tí ó fi ààyè sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn láti du iṣẹ́ ìjọba. A kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ìyàtọ̀ gbé òfin fúnra rẹ̀ mì. Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Bí ilé-ìwé kan bá ní àyè akọ̀wé méjì ní ọdún mẹ́wàá, tí ọmọ olóògbé sì gba méjèèjì, kí ni ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ apẹja abúlé náà yóò rí gbà, àwọn tí bàbá wọn kò bá ìjọba ṣiṣẹ́ rí?

Àkókò tún dá ìjà mìíràn sílẹ̀. Ọmọdé kan ní ìpínlẹ̀ Bihar, ìyá rẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ẹ̀ka owó-bodè ọtí. Nígbà tí ó dàgbà tán ni ó tó wá béèrè ipò ìyá rẹ̀. Ní 2000 ni ilé-ẹjọ́ dá a lóhùn pé a kì í fi àyè sílẹ̀ ní ṣíṣófo de ọmọdé títí yóò fi tó ènìyàn. Ó le, ṣùgbọ́n mo rí ìdí rẹ̀: ìdílé tí ó ti là á já fún ọdún mẹ́wàá, ìṣòro òjijì nnì ti kọjá lórí rẹ̀. Ní 2023 ilé-ẹjọ́ tún sọ ohun kan náà sí àwọn ẹbí òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Burdwan ní West Bengal, àwọn tí ó ti fi ọdún púpọ̀ dúró de èsì ìwé wọn.

Nísinsìnyí, ìyá wa ní Badore, ohun tí ó kàn yín jùlọ ni èyí tí ó kù. Irú ìjà tí ń bẹ nínú ilé yín, wọ́n ti jà á níbẹ̀. Ní 2018, àti ní 2022, nínú ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, wọ́n bi ilé-ẹjọ́ bóyá a lè fi ọmọ aya kejì sẹ́yìn nítorí pé aya kejì ni ó bí i. Ìdáhùn wọn ni pé a kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ kò yan ìyá rẹ̀. Ní 2015, kóòtù Allahabad sọ pé ìlànà tí ó yọ ọmọbìnrin tí ó ti lọ́kọ sílẹ̀, tí ó sì gba ọmọkùnrin tí ó ti gbéyàwó, lòdì sí òfin orílẹ̀-èdè. Ẹni tí ó bá ka ìtàn àwọn ọmọbìnrin Sélóféhádì nínú Ìwé Númérì yóò mọ̀ pé ọ̀ràn náà ti pẹ́ lórí ilẹ̀ ayé.

Àwọn ará Pákísítánì kò dúró láti máa ṣe àtúnṣe díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, nínú ẹjọ́ kan tí ó ti ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Islamabad wá, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ wọn kéde pé gbígba opó tàbí ọmọ òṣìṣẹ́ síṣẹ́ láìsí ìkéde, láìsí ìdíje, kò bá òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ wọn mu rárá. Wọn kò yọ àwọn tí ó ti wọlé kúrò. Lójú tèmi, wọ́n já okùn náà níbi tí kò yẹ kí ó já tán, nítorí wọ́n mú iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ opó láìfi ohun mìíràn sí i lọ́wọ́ nínú ìdájọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n fi ṣe é kò ṣòro láti mọ̀. Iṣẹ́ tí à ń fi owó-orí gbogbo ènìyàn san kò lè di ti ìran kan.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Nínú Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, kò sí ibi tí a ti kọ ọ́ pé ipò òṣìṣẹ́ tí ó kú di ti ọmọ rẹ̀. Ohun tí ó wà níbẹ̀, ní apá kejìlélógójì, ni pé a kò gbọdọ̀ fi ohunkóhun du ọmọ Nàìjíríà nítorí bí a ti ṣe bí i. Ọ̀rọ̀ yìí ń gbèjà ọmọ aya kejì, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó ń gbèjà ọmọ apẹja ní Langbasa pẹ̀lú, ẹni tí a kò bí sílé tíṣà. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, àjọ ìjọba ni ó ń gba olùkọ́, SUBEB fún ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àjọ àwọn olùkọ́ fún ilé-ìwé gíga, kì í ṣe ọ̀gá ilé-ìwé kan tàbí ìjòyè kan ní Ṣàngótẹ̀dó. Pẹ̀lúpẹ̀lù, láti 1993 ni òfin ti dá ìgbìmọ̀ TRCN sílẹ̀, pé ẹni tí yóò kọ́ni gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ọmọkùnrin tí kò tíì parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, bí gbogbo ẹbí tilẹ̀ kúnlẹ̀ bẹ ìjọba, kò lè dúró níwájú kíláàsì bàbá rẹ̀. Àwọn ọmọ ogójì tí ó jókòó síbẹ̀ ni ìyà náà yóò jẹ.

Mo mọ ohun tí yóò wá sọ́kàn àwọn àgbà. Wọn yóò ní nílẹ̀ Yorùbá, ọmọ a máa gba iṣẹ́ bàbá: ọmọ Àyàn a máa lu ìlù, ọmọ alágbẹ̀dẹ a máa fẹ́ ẹwìrì. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ Àyàn jogún iṣẹ́ ọwọ́ tí ó ti kọ́ láti kékeré, bí kò bá sì mọ̀ ọ́n lù, kò sí ẹni tí yóò fi owó lé e níwájú orí. Àga tíṣà kò rí bẹ́ẹ̀, owó oṣù rẹ̀ kì yóò yẹ̀ bí ẹni tí ó jókòó lórí rẹ̀ kò tilẹ̀ mọ nǹkan kan.

Ogún gan-an sì ní òfin tirẹ̀, ìlú Èkó sì ni ọ̀kan nínú àwọn ẹjọ́ ogún tí ó lókìkí jùlọ ti wá. Suberu Dawodu kú ní 1940, ó fi aya mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ìjà náà jẹ́ lórí bóyá ìdí-igi ni kí a fi pín ohun ìní rẹ̀, kí ìdí ìyàwó kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan, tàbí orí-òjorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba dọ́gbadọ́gba. Adájọ́ àkọ́kọ́ fẹ́ orí-òjorí. Kóòtù tí ó ga jù ú lọ ní 1958 sọ pé ìdí-igi ni àṣà. Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù sì fọwọ́ sí i ní 1962. Ẹ kíyèsí i pé owó àti ilé ni gbogbo wọn ń pín, ohun tí ó ṣe é pín. Báwo ni a ó ti fi ìdí-igi pín àga tíṣà kan? Ní ti àwọn ẹbí tí ń pariwo pé ọkùnrin ni àrólé, kí ẹnìkan ka ẹjọ́ Ukeje fún wọn. Bàbá náà kú ní Èkó ní 1981, ọmọbìnrin rẹ̀ sì bá àwọn ẹbí ṣẹjọ́ títí dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ilẹ̀ wa. Ní 2014 ni àwọn adájọ́ sọ pé àṣà Igbó tí ó fi ogún bàbá du ọmọ nítorí pé ó jẹ́ obìnrin lòdì sí apá kejìlélógójì tí mo dárúkọ nísàlẹ̀ yìí kọ́, lókè ni.

Ìyá, ohun tí ó bà mí nínú jẹ́ nínú lẹ́tà yín ni pé oṣù méje ni ẹ ti fi ń jà lórí ohun tí kì í ṣe tiyín, tí ẹ kò sì dárúkọ èyí tí ó jẹ́ tiyín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Olóògbé fi owó sílẹ̀. Láti 2007 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin owó ìfẹ̀yìntì tirẹ̀, àjọ LASPEC sì ni ó ń bójú tó o. Lóṣooṣù ni a ń yọ díẹ̀ nínú owó oṣù ọkọ yín, tí ìjọba ń fi tirẹ̀ kún un, tí ó ń lọ sínú àkáǹtì tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Nítorí pé ó ti wọṣẹ́ kí ètò yìí tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ti ọdún àtijọ́ náà wà, ẹ béèrè rẹ̀ lọ́tọ̀. Lẹ́yìn èyí ni owó inṣọ́ránsì ẹni tí ó kú lẹ́nu iṣẹ́. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2014 ní kí ó má dín ní ìlọ́po mẹ́ta owó tí òṣìṣẹ́ ń gbà lọ́dún kan. Kí a fi ṣe àpẹẹrẹ: bí tíṣà kan bá ń gba ₦80,000 lóṣù, ọdún kan jẹ́ ₦960,000, ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ sì jẹ́ ₦2,880,000. Iye tí ó jẹ́ tiyín, LASPEC ni kí ó sọ ọ́ fún yín láti ẹnu ara rẹ̀. Owó yìí ṣe é pín. Yóò san owó ilé, yóò sì mú ọmọkùnrin nnì parí ilé-ẹ̀kọ́.

Níhìn-ín ni mo fẹ́ kí gbogbo ilé tí ń ka ìwé ìròyìn yìí dá ọwọ́ iṣẹ́ dúró díẹ̀, pàápàá àwọn ọkọ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ó kún fọ́ọ̀mù ní ọjọ́ tí a gbà á síṣẹ́, nígbà tí kò tíì gbéyàwó, tí ó sì kọ orúkọ àbúrò rẹ̀ sí ibi ìbátan tí ó súnmọ́ ọn jùlọ. Ó gbéyàwó, ó bímọ, kò padà lọ tún un ṣe. Ẹni tí a kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ kì í ṣe àrólé nítorí bẹ́ẹ̀, òun kàn ni ẹni tí ọ́fíìsì yóò kọ́kọ́ pè. Síbẹ̀ orúkọ yẹn a máa dá owó opó dúró tí yóò fi gbó. Mo ti jókòó nídìí tábìlì akọ̀wé fún ọdún púpọ̀, ìwé tí kò bára mu a máa dá ènìyàn padà ju ìwà burúkú òṣìṣẹ́ lọ. Ẹ lọ tún un kọ ní ọ̀sẹ̀ yìí.

Ìyá, èyí ni kí ẹ ṣe. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí ikú, ẹ kó ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìbí àwọn ọmọ méjèèjì, ìwé tí a fi gba ọkọ yín síṣẹ́ àti ìwé owó oṣù rẹ̀ ìkẹyìn jọ. Ẹ ṣe ẹ̀dà ohun gbogbo ní mẹ́ta, kí ẹ sì fi ọ̀kan pamọ́ sí ilé ẹlòmíràn. Nígbà tí ilé-ẹjọ́ Ìgbóṣeré jóná ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, ọ̀pọ̀ ìwé ni ó bá iná lọ. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ti Ìjọba Ìbílẹ̀ Etí-Ọ̀sà kí wọ́n kọ̀wé sí LASPEC nípa ikú rẹ̀. Bí wọ́n bá béèrè ìwé àṣẹ láti bójú tó ohun ìní olóògbé, ẹ̀ka Probate ti Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Èkó ni a ti ń gbà á. Ẹ mú ọmọkùnrin olóògbé dání nígbà tí ẹ bá ń lọ, ẹ má lọ ní ìkọ̀kọ̀. Ọmọ ilé kan ni wọ́n, owó náà kàn án bí ó ti kan ọmọ yín. Bí ọ́fíìsì bá kọ̀ láti san ohun tí ó tọ́, òfin ti fi ọ̀ràn òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ lé National Industrial Court lọ́wọ́, wọ́n sì ń jókòó ní Ìkòyí. Ẹ wá lọ́yà kí ẹ tó lọ síbẹ̀.

Ní ti ọmọbìnrin yín tí ó ní NCE, kí ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN bí kò bá tíì ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó sì máa ṣọ́ ìkéde SUBEB bí ọmọ ẹlòmíràn ti ń ṣe. Bí ó bá yege, ipò náà yóò jẹ́ tirẹ̀ láìsí pé ẹbí kankan lè bá a du ú.

Ẹni tí ó gba owó fáìlì, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀ mọ́. Òfin ilẹ̀ wa láti ọdún 2000 mú ẹni tí ń fúnni ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ bí ó ti mú ẹni tí ń gbà á. Ní ọ́fíìsì tí ẹ bá lọ, bí wọ́n bá ní kí ẹ padà wá lọ́la, ẹ béèrè orúkọ ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí ó dá fún yín.